Ìtòkí Tó Sọnù Nínú Ohùn Ìyá Bùnmi

Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi tán kí ẹ tó bú mi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. N kò sọ ọ́ fún ọkọ mi títí di oṣù tó kọjá. N kò sọ ọ́ nínú àdúrà pàápàá, bí ẹni pé Ọlọ́run ò sí nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, nígbà tó jẹ́ pé sípíkà mẹ́rìndínlógún ló ń gbé ohùn mi jáde.

N kò jí owó ẹnikẹ́ni. N kò gba ọkọ ọlọ́kọ. Etí ni mo jí. Mo gba etí lọ́wọ́ ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, mo sì jẹ́ kó gbà pé ọjọ́ ogbó ló gbà á lọ́wọ́ òun. Ohun tí mo rí nílé rẹ̀ ní Ìfọ̀ lóṣù tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Obìnrin ni mí. Mowe ni mò ń gbé, ibẹ̀ náà ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa tún ohùn ẹ̀rọ ńlá ṣe fún àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àti gbọ̀ngàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ní mò ń fọ́nnu, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ náà. Bí ohùn pásítọ̀ kan bá ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú agolo, láti Ìbàfò títí dé Ṣágámù, èmi ni wọ́n ń wá. Àwọn ọkùnrin tó ń ṣe é pọ̀ lọ súà. Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí wọ́n ń pè nígbà tí tiwọn bá dojú rú.

Ẹni tó kọ́ mi ni gbogbo ènìyàn ń pè ní Bàbá Elétí-ọfẹ nígbà náà. Ó ń gbé ní Ìfọ̀, lẹ́bàá ojú irin. Bàbá ò lo kọ̀ǹpútà rí. Etí méjì tí Ọlọ́run fi sí i lórí ló fi ń ṣiṣẹ́. Bí sípíkà kan bá ya níbì kan, kó má ju èékánná lọ, Bàbá á ti gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà, kó tó bọ́ bàtà wọlé.

Ó ní bó ṣe ń dán ẹ̀rọ wò. Kì í fi orin dán an wò, ó ní orin máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Ohùn ìyàwó rẹ̀, Ìyá Bùnmi, ló ń lò. Òṣìṣẹ́ rélùwéè ni bàbá tó bí Ìyá Bùnmi, ó sì ti kọ́ ọ láti kékeré bí a ṣe ń ka àwọn ibùdó ojú irin. Ìyá á dúró nídìí máìkì, á máa kà á pẹ̀lú ohùn rẹ̀ tó tutù: Agége, Ìjú, Àgbàdo, Ìtòkí, Ìfọ̀, Papalántò, Wásinmi. Bàbá á dijú, á máa rìn láti iwájú gbọ̀ngàn lọ sẹ́yìn. Àgbàdo ló fi ń mọ̀ bóyá ohùn ìsàlẹ̀ dára. Wásinmi ló fi ń mọ ohùn òkè. Ìtòkí ló fi ń mọ̀ bóyá ìsàlẹ̀ àti òkè pàdé dáadáa. Èmi náà ti ka àwọn ibùdó yẹn lórí débi pé mo lè kà wọ́n lójú oorun, bẹ́ẹ̀ n kò wọ ọkọ̀ ojú irin rí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹnu méjì ló wà nínú àpótí sípíkà. Ẹnu ńlá ń sọ ohùn tó wúwo, ẹnu kékeré ń sọ èyí tó tínrín. Ẹ̀rọ tó ń pín ohùn fún wọn ni à ń pè ní kúrọ́sófà. Láyé ijọ́un, wáyà àti irin ni wọ́n fi ń ṣe é. Lónìí, inú kọ̀ǹpútà la ti ń ṣe é, ó dà bí asẹ́ tí a fi ń sẹ́ ògì: èyí tó kúnná gba ìhín, eèrí gba ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ibì kan wà tí ẹnu méjèèjì ti jọ ń sọ̀rọ̀, àárín ohùn ènìyàn gan-an sì ni ibẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jọ tì lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn á jáde geere. Bí ọ̀kan bá ń tì tí èkejì ń fà, wọ́n dà bí ẹni méjì tó ń ti mọ́tò tó kú ní márosẹ̀, tí ọ̀kan dúró sẹ́yìn, tí èkejì dúró síwájú. Mọ́tò náà ò ní kúrò lójú kan. Ihò á wá wà nínú ohùn níbẹ̀, kò sì sí bí ẹ ṣe lè yí ohùn sókè tó, ihò náà ò ní dí.

Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń yí i padà lójú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ mi ni bọ́tìnnì yẹn wà.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìbàfò ló ra àwọn sípíkà tí wọ́n máa ń so kọ́ òkè ní ìlà gígùn, ọ̀kan lábẹ́ ìkejì, tí ìdí rẹ̀ á tẹ̀ wọlé bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Mẹ́jọ lápá ọ̀tún, mẹ́jọ lápá òsì. Èmi ni mo bá wọn so ó. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi wọ̀n ọ́n, láti àga iwájú títí dé àga ẹ̀yìn. Nígbà tí mo ṣe tán, ohùn náà dùn débi pé èmi fúnra mi jókòó, mo ń gbádùn ara mi.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni alága ìgbìmọ̀ ilé ìjọsìn náà pè mí. Ó ní, "Sister, ẹ kú iṣẹ́ o. A ti ránṣẹ́ pe ọ̀gá yín ní Ìfọ̀, kí wọ́n wá fi etí àgbà bá wa parí ẹ̀ lọ́la. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ yìí kì í ṣe iṣẹ́ kékeré."

Kí wọ́n wá parí kí ni? Iṣẹ́ tí mo ti parí! Inú bí mi gidigidi. Bàbá fúnra rẹ̀ pè mí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Ọmọ mi, iṣẹ́ rẹ ni o. Mò ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lásán ni, kí n lè fi ọ́ yangàn." Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn tù mí nínú. Kò tù mí nínú. Ẹ jọ̀ọ́, n kò ní sọ pé èṣù ló tì mí. Èṣù ò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní kúrọ́sófà. Èmi ni mo jókòó, tí mo fi orí pípé rò ó.

Ní ọ̀sán Sátidé, kí Bàbá tó dé, mo tẹ bọ́tìnnì yẹn. Mo yí gbogbo ẹnu kékeré padà, ohun tí àwọn ẹnu ńlá ń tì, àwọn kékeré ń fà á. Èrò mi ni pé Bàbá á yí ìhín yí ọ̀hún, á làágùn díẹ̀, á wá pè mí, n ó wá tún un ṣe níṣojú ìgbìmọ̀. Ohun tí mo rò kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé lọ́wọ́ èmi ni iṣẹ́ ti ń parí.

Bàbá àti Ìyá dé. Ìyá dúró nídìí máìkì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: Agége, Ìjú, Àgbàdo, Ìtòkí. Bàbá la ojú. Ó ní, "Tún un kà." Ìyá tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó kà á.

Bàbá ní, "Ọkọ̀ yìí fo Ìtòkí."

Àwọn ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àgbà ń ṣàwàdà. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yí ohùn, ó ń yí i sókè, ó ń yí i sódò. Ihò náà ò dí. Bó ṣe ń fi kún un ni sípíkà bẹ̀rẹ̀ sí í han. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀. Alága ti ń wo aago. Nígbà tó yá, Bàbá yíjú sí mi. Ó ní, "Ìwọ tí o ní kọ̀ǹpútà, bá mi wò ó. Ibi tí ẹnu méjèèjì ti pàdé ni. Ṣé kì í ṣe pé ọ̀kan ń tì, tí èkejì ń fà?"

Nínú gbogbo ẹni tó wà nínú gbọ̀ngàn yẹn, òun nìkan ló gbọ́ ọ. Kò gbọ́ ọ lásán, ó dárúkọ ohun tí mo ṣe gẹ́lẹ́, bí ẹni tó dúró lẹ́yìn mi nígbà tí mò ń ṣe é. Bí mo bá ti sọ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yẹ̀ ẹ́ wò," ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú alága, mo sì rí i pé ó ń retí ohun tí èmi fẹ́ sọ. Èmi, kì í ṣe Bàbá. Ó dùn mọ́ mi.

Mo gba máìkì lọ́wọ́ Ìyá Bùnmi. Mo wo ojú kọ̀ǹpútà, níbi tí ihò náà ti là gbàràgàdà bíi kòtò ojú títì. Mo sì sọ ọ́ sínú máìkì pé, "Bàbá, kò sí ihò kankan níbí o. Ó tẹ́jú pẹrẹsẹ. Àfi tí ẹ bá jẹ́ kí wọ́n bá yín wo etí yín."

Mo ní kí Bàbá àti àwọn ìgbìmọ̀ jókòó. Bí wọ́n ṣe jókòó, mo tẹ bọ́tìnnì náà padà. Mo ní kí Ìyá tún un kà. Ìtòkí jáde kedere, gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́.

Bàbá dìde. Ó ní, "Ó ti dé. Kí lo ṣe?"

Mo ní, "N kò ṣe nǹkan kan, Bàbá. Bó ṣe wà látàárọ̀ nìyẹn."

Ẹ jọ̀ọ́, gbólóhùn yẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Bọ́tìnnì tí mo tẹ̀, mo lè pè é ní ìwà ọmọdé. Gbólóhùn yẹn, mo mọ ohun tí mo ń ṣe nígbà tí mo sọ ọ́. Alága rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ̀rọ ayé òde òní ti kọjá etí àgbà o." Bàbá ṣí fìlà, ó tún dé e. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Òun àti Ìyá wọkọ̀ padà sí Ìfọ̀.

Oṣù yẹn ò pé tí Bàbá fi ti ṣọ́ọ̀bù. Ó kó àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ fún mi, ó ní ẹni tí etí rẹ̀ ti ń fo ibùdó ọkọ̀ ò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ oníṣẹ́. Mo gbà á. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́. Àwọn ènìyàn ò pè é ní Elétí-ọfẹ mọ́. Iṣẹ́ tèmi ń gbòòrò sí i, mo sì ń sọ fún ara mi pé ọjọ́ orí ì bá kúkú lé e kúrò nídìí iṣẹ́ náà. Àwáwí ni. Mo mọ̀ nígbà yẹn pé àwáwí ni.

Oṣù tó kọjá ni Bùnmi, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Ìbógun, pè mí. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ẹ̀rọ ìgbọ́ràn tí Bàbá ń lò. Ó ń han jù. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa ohùn."

Ẹ̀rọ ìgbọ́ràn? N kò mọ̀ pé Bàbá ń lo nǹkan bẹ́ẹ̀. Mo lọ.

Ìyá Bùnmi ló ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo kúnlẹ̀ kí i. Kó tó dá mi lóhùn, ó yíjú sínú ilé, ó lọgun pé, "BÀBÁ BÙNMI! ÀLEJÒ DÉ O!" Ẹ̀rù bà mí. Kì í ṣe ariwo náà ló bà mí lẹ́rù, ohùn náà ni. Ohùn tútù tí a fi ń dán ẹ̀rọ wò ti há. Ó ń ha bí ẹni tó fi ọ̀fun gbé iyanrìn mì. Ìyá rí ojú mi, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ọ̀fun mi ni o, ọmọ mi. Ẹni tó bá ń bá adití gbé, ariwo ni ìkíni."

Bàbá jókòó sórí àga, ẹ̀rọ náà wà létí rẹ̀, ó ń han gooro. Ó ti yí i dé òpin. Bó ṣe ń han ni ojú Bàbá ń fún pọ̀, kò sì yọ ọ́. Ó ní oògùn kì í dùn. Mo bi í bóyá dókítà ló ní kó lò ó. Ó ní àna òun ló bá òun rà á. Mo ní kí ló dé tí kò lọ sí ilé ìwòsàn láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá.

Ó ní, "Kí ni dókítà fẹ́ sọ tí kọ̀ǹpútà rẹ ò tíì sọ?"

Mo yọ ẹ̀rọ náà létí rẹ̀, mo gbé e lọ síbi fèrèsé, mo ń wò ó. Ní ilé kejì, obìnrin kan ń fọ abọ́ tánganran, ó ń tò wọ́n léra wọn. Bàbá gbé orí sókè. Kò sí nǹkan kan létí rẹ̀ nígbà yẹn o. Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn abọ́ yẹn ti sán." Ó wá ní, "Àbí etí mi ló tún ń ṣe é?"

Mo jáde. Mo bẹ obìnrin náà kó jẹ́ kí n wo àwọn abọ́ rẹ̀. Ìkẹta ti sán nídìí, ojú sísán náà tínrín bí irun orí. Obìnrin tó ni ín ò mọ̀. Mo padà wọlé, mo ní, "Bàbá, òótọ́ ni. Ó ti sán."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "O kàn ń tù mí nínú ni."

Ohun tí mo sọ lọ́dún mẹ́fà sẹ́yìn, ó gbà á gbọ́. Òótọ́ tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn, kò gbà á. Mo ti sọ ọ́ di ẹni tí ò lè gba etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìwà ojo tí mo tún hù. Mo yí ẹ̀rọ náà wálẹ̀ títí kò fi ṣe nǹkan kan mọ́, kò yàtọ̀ sí òwú tí wọ́n fi dí etí díẹ̀. Mo dá a padà fún un. Ó fi í sétí. Ojú rẹ̀ tú ká. Ó ní, "Háà! Báyìí ló dára! Mo mọ̀ pé ìwọ lo máa mọ̀ ọ́n." Ó ní kí n kúnlẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ń súre fún mi, ó ní ibi tí òun bá iṣẹ́ dé, èmi á kọjá ibẹ̀. Mo ń ṣe àmín. Láti Ìfọ̀ títí mo fi dé Mowe, mò ń sunkún, ojú ò tì mí lójú àwọn èrò ọkọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbọ́ ọ tán, ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Lọ bá Bàbá nílé, kúnlẹ̀, bẹ̀ ẹ́, kó parí síbẹ̀. Má gbé e síta. Ta ló máa gbé iṣẹ́ fún ẹ mọ́?"

Mo rí ohun tó ń sọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mìíràn ti dé. Ṣọ́ọ̀ṣì Ìbàfò náà ti kọ́ gbọ̀ngàn tuntun, èmi náà ni wọ́n gbéṣẹ́ fún. Wọ́n fẹ́ ṣí i, wọ́n sì ní kí n mú ọ̀gá mi wá kí wọ́n fi ẹ̀bùn yẹ́ ẹ sí. Alága ìjọ́sí ṣì ni alága. Bàbá ti gbà láti wá. Ó ní, "N ó kàn jókòó ni o. Ẹ má retí pé n ó gbọ́ nǹkan kan."

Pé n ó jẹ́wọ́, ìyẹn ti dájú. N kò bẹ̀rù ìyẹn mọ́. Ètò ohùn tí mo yí padà lọ́jọ́ Sátidé ìjọ́sí ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà mi, n kò pa á rẹ́, mo sì sọ ọ́ ní Ìtòkí. Mo lè gbé e sórí àwọn sípíkà tuntun yẹn. Mo lè ní kí Ìyá Bùnmi fi ohùn tó ṣẹ́ kù fún un kà á, kí Bàbá tún gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń fo Ìtòkí, kí n tẹ bọ́tìnnì náà níṣojú rẹ̀, kí ó padà. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí mo lè bẹ̀ tó máa wọ̀ ọ́ létí bí ìyẹn. Bí mo bá sọ ọ́ lẹ́nu lásán nílé, ó lè tún ní mo kàn ń tu òun nínú ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí ni ibi tí n ó ti ṣe é. Ṣé kí n jẹ́ kí gbọ̀ngàn ṣófo, kí ó jẹ́ àwa mẹ́ta péré, kí ìtìjú Bàbá má baà di ọ̀tun lójú gbogbo ènìyàn? Àbí kí n ṣe é níṣojú alága àti gbogbo ìjọ, níwọ̀n bó ti jẹ́ pé máìkì ni mo fi pa irọ́ náà? Mi ò bẹ̀rù iṣẹ́ tí mo lè pàdánù. Mo mọṣẹ́, n ó jẹun. Ohùn Ìyá ni mò ń bẹ̀rù fún, torí ojoojúmọ́ ló ṣì ń lọgun.

Mo ti yí orúkọ àwọn ènìyàn inú ọ̀rọ̀ yìí padà. Ìtòkí nìkan ni n kò yí padà, kí ẹni tó ni ín lè mọ̀ pé tòun ni. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bó bá jẹ́ pé Ìyá ló ń ka ìwé yìí sí yín létí, ẹ ní kí wọ́n rọra kà á. Ẹ̀ ń gbọ́. Kò sígbà kankan tí ẹ ò gbọ́.